Páálí Ọrùn Fadila

Ganiatou kò ní ìwé kankan tí yóò fi kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ohun tó ní ni ọmọ mẹ́tàlélógójì, yàrá pákó kan tí wọ́n fi páànù bò, ẹní ike mẹ́rin, àti òórùn ọ̀sà Boribana tó ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Àwọn ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Àwọn kan ń sọ Yorùbá nílé, àwọn kan ń sọ Júlà, Faransé ìgboro ni gbogbo wọn sì jọ máa ń fi bú ara wọn. Jẹ́lé-ó-sinmi lásán ni àwọn òbí ka ibẹ̀ sí, ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ sí kí ìyá lè ráyè lọ sọ́jà. Ganiatou kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn òbí rẹ̀ ló wá láti Ìgbòho, Abidjan ni wọ́n bí òun sí. Ó ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún kan rí, níbi tí obìnrin kan ti dìde sọ fún wọn pé ohun tí ọjà dà nù tó láti fi mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló máa ń lọ sí ọjà Adjamé Roxy lọ ṣa páálí tí àwọn oníṣòwò ti jù nù. Á fi ọ̀bẹ gé e, á sì kọ lẹ́tà sí i gàdàgbà, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ ju ti ìwé títẹ̀ lọ. Ó kọ lẹ́tà sínú ìdérí ìgò, àwọn ọmọ ń tò ó. Ó da iyanrìn sínú àtẹ, wọ́n ń fi ìka kọ ọ́, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n tún ń kọ ọ́.

Eré tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti àtẹ́wọ́. Bí ọmọ kan bá ti ka ọ̀rọ̀ kan fúnra rẹ̀, gbogbo kíláàsì á gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ sí i. *Mo-to*, àtẹ́wọ́ méjì. *To-ma-te*, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á nawọ́ sí ẹni tó kà á, wọ́n á pariwo pé, "Tìẹ ni!" Ganiatou ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ti fẹnu ara rẹ̀ kà, tirẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó ni ilé-ìwé náà ni Màdáàmù Sùwéébátù. Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹja yíyan ló fi ọdún mọ́kànlá tà kó tó rí pákó kọ́ yàrá yẹn. Wọ́n ti ti ilé-ìwé rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan rí nítorí pé kò ní ìwé-àṣẹ, ó sì ti búra pé wọn kò ní tì í lẹ́ẹ̀kejì. Kì í pariwo. Tó bá bínú, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, á wá máa wo èèyàn lójú láìṣẹ́jú.

Nínú oṣù Kejì, àwọn aláàánú kan gbé ogójì ìwé ọmọdé wá. Ìwé tuntun ni, òórùn wọn gba gbogbo ilé. Àwọn ọmọ fò sókè, wọ́n jó. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn àlejò yí kọ́nà tán, Màdáàmù kó gbogbo ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó sì fi àgádágodo tì í. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ máa ń fi imú ti gíláàsì wo àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Màdáàmù á fún wọn ní àkísà kí wọ́n fi nu àmì imú wọn kúrò níbẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú méjì péré," ni Ganiatou bẹ̀ ẹ́. "Èmi fúnra mi ni màá máa ṣí i. Wọn ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹ atiéké yẹn?" ni Màdáàmù dáhùn. "Àwọn tó kó o wá ń padà bọ̀ wá ka iye rẹ̀. Bí wọ́n bá bá ìwé tó ya, ó parí nìyẹn. Fi í sílẹ̀ kó jókòó."

"Àmọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n kó o wá fún."

"Ọmọ ń lọ, ọmọ ń bọ̀. Ilé-ìwé ló máa dúró."

Ganiatou padà sídìí àwọn ọmọ. Ìdí wà tí kò fi lè bá obìnrin náà fa ọ̀rọ̀. Ilé-ìwé ńlá kan ní Bingerville ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá pé ó ti kọ́ ọmọdé fún ọdún mẹ́ta. Ìwé ẹ̀rí náà ti wà lórí tábìlì Màdáàmù láti oṣù Kìíní, kò fọwọ́ sí i. Gbogbo ìgbà tí Ganiatou bá béèrè, èsì kan náà ni: "Ó ń bọ̀."

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Màdáàmù máa ń fún Ganiatou ní kọ́kọ́rọ́ kó lè nu eruku inú kọ́bọ́ọ̀dù, òun fúnra rẹ̀ á sì ka iye ìwé náà bí Ganiatou bá nù wọ́n tán. Jímọ̀ kan, ẹnìkan pè é lórí fóònù, ó gbàgbé kò kà á, kò sì kà á mọ́ láti ọjọ́ náà. Ganiatou mú ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpò rẹ̀. Ìtàn ewúrẹ́ kan tó ń jẹ́ Kiki ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó fọgbọ́n mú ẹran nínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ tí Màdáàmù bá lọ sí Adjamé, Ganiatou á yọ ìwé náà jáde. Ọmọ mẹ́tàlélógójì á sún mọ́ ara wọn lórí ẹní, èémí wọn á gbóná sí i lọ́rùn. Wọ́n ti mọ ìtàn náà lórí, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n tún máa ń ní kó kà á.

Fadila ló ń jókòó sún mọ́ ọn jù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa fọn bó bá ń sọ̀rọ̀. Lùbàbà ìyá rẹ̀ ń ta ìyarun àti rọ́bà ìdirun ní Roxy. Láti Ìsẹ́yìn ló ti wá, kò mọ̀wé rárá, kò sì ní ọkọ mọ́. Ní Tọ́sìdeè kan, Fadila fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń fà á bí ẹni ń fa omi kànga: "*Ki-ki a vu le... feu.*" Kiki rí iná. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n lórí, nítorí Ganiatou ò tíì ka ojú ewé yẹn sí wọn rí; ẹ̀rù iná máa ń ba àwọn kéékèèké, ó máa ń fò ó.

Omi lé sí Ganiatou lójú. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń kọ lẹ́tà sínú iyanrìn. Èyí lẹni àkọ́kọ́ tó kà á bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnìkan tì í lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń túká, ó fi ìwé náà sínú àpò Fadila.

"Lọ kà á fún màmá ẹ. Lọ́jọ́ *lundi*, Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kó o mú un padà wá fún mi. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo fún ẹ. Àṣírí èmi àti ìwọ ni. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Táńtì."

"Tí wọ́n bá nà ẹ́ ńkọ́?" Ganiatou ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

Fadila ò rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní sọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ *lundi*, fóònù Màdáàmù dún. Àwọn aláàánú ń bọ̀ lọ́la. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ka ìwé, ó tún un kà. Mọ́kàndínlógójì. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ní kí gbogbo ọmọ gbé àpò wọn síwájú.

Ganiatou dúró síbi pátákó pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Ó ti la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: èmi ni. Àmọ́ ojú rẹ̀ lọ sórí tábìlì, ó rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lábẹ́ fóònù, ó rí ìlà tí wọ́n fà fún ìfọwọ́sí, òfìfo. Ó pa ẹnu dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá yá, á sọ ọ́ fún Màdáàmù ní kọ̀rọ̀.

Àpò kẹjọ ni ti Fadila. Ìwé náà wà níbẹ̀, ó ti fi gèlè ìyá rẹ̀ wé e kí etí rẹ̀ má bàa ká.

"Ta ló fún ẹ?" ni Màdáàmù bi í, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Fadila wo Màdáàmù. Ó wo Ganiatou. Ó wá pa ètè méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó fi omi sẹ́nu.

"Ṣé ìwọ lo mú un?"

Kò dáhùn.

"Ṣé ẹnìkan ló fún ẹ?"

Kò dáhùn. Màdáàmù fi rúlà gbá a lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ náà fa ọwọ́ sábẹ́ abíyá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ètè rẹ̀ ò là.

Màdáàmù dìde. "Ganiatou, mú páálí kan wá. Kó o so okùn mọ́ ọn. Kó o kọ *voleuse* sí i."

Olè ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. "Màdáàmù, ọmọdé ni..." ni Ganiatou wí.

"Ṣé o ní nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi ni?" Obìnrin náà ń wò ó lójú, kò ṣẹ́jú. "Sọ ọ́, mo ń gbọ́."

Ganiatou tẹrí ba, ó mú páálí. Ó rò ó pé bóun bá fi ọwọ́ àfàgùn kọ ọ́, bí àwọn àgbà ṣe ń so lẹ́tà mọ́ra, ọmọ náà ò ní lè kà á. Ó ti fa ìlà àkọ́kọ́ nígbà tí Màdáàmù sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Lẹ́tà tó o fi ń kọ́ wọn ni kó o fi kọ ọ́. Kó hàn dáadáa."

Ó yí páálí sódì, ó kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìyẹn ló yà á lẹ́nu jù nígbà tó rántí rẹ̀ lẹ́yìn náà: ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá, lẹ́tà méjèèje mọ́ rekete.

"So ó mọ́ ọn lọ́rùn."

Ó so ó. Fadila gbé ọrùn sókè fún un kí okùn má bàa mú un nírun.

Wọ́n mú un dúró síwájú gbogbo kíláàsì. Ọmọ náà wo àyà ara rẹ̀. Ó gbé páálí náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó yí i padà kó lè dojú kọ ọ́. Ó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ìró *eu* sì ni ẹ̀kọ́ wọn ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ti ka *feu*, wọ́n ti ka *bleu*. Ètè tó ti dì pinpin láti àárọ̀ là.

"*Vo*," ni Fadila kà. "*Vo... leu... se.*"

Ó gbé ojú sókè wo Ganiatou. Omijé ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Ó kà á! Ó ń dúró.

Ganiatou ò mira.

Àwọn ọmọ tó kù ò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹnìkan ti kàwé. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, méjìlélógójì wọn: *vo*, pà, *leu*, pà, *se*, pà. Wọ́n nawọ́ sí i. "Tìẹ ni!"

Fadila rẹ́rìn-ín.

Axel, ọmọ mẹkáníìkì, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló kọ́kọ́ yé. Ó ti gbọ́ igbe yẹn lójú títì nígbà tí wọ́n ń lé èèyàn. "Ẹ ẹ! *Voleuse!* Olè ni! Wọ́n ní Fadila jalè!"

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ohùn wọn ti yàtọ̀. *Vo-leu-se. Vo-leu-se.* Àtẹ́wọ́ mẹ́ta, àtẹ́wọ́ mẹ́ta, wọ́n ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó dùn mọ́ wọn nínú. "Tìẹ ni! Tìẹ ni!" Ẹ̀rín wà lójú Fadila síbẹ̀, bí aṣọ tí ẹni tó sá a gbàgbé sórí okùn. Ó ṣe díẹ̀ kó tó bọ́. Ìtọ̀ sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

Màdáàmù ò dá wọn lẹ́kun. Ó jókòó, ó ń wo Ganiatou. Ó fi ọmọ náà sí ìdúró títí di aago méjìlá.

Nígbà tí Lùbàbà dé wá mú ọmọ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti rí páálí náà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti rí i rí pé ọjọ́ ìpín ẹ̀bùn, wọ́n máa ń fi nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ lọ́rùn. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ àtẹ ìyarun orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́n! Ọmọ mi! Táńtì, ẹ ṣé gan-an ni o. Lánàá ló ka ìwé sí mi létí, ni mo wí fún ara mi pé ọmọ yìí á gbé nǹkan ńlá wálé. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ganiatou ń nu ẹfun kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé, Táńtì? Ẹ kà á fún mi, ẹ mọ̀ pé ojú mi fọ́ síwèé."

Fadila ló kà á fún un. Ó fi ìka sábẹ́ rẹ̀, ó kà á ní Faransé, ó wá túmọ̀ rẹ̀. "Olè ni, màmá. Olè ni wọ́n kọ."

Màdáàmù jáde, ó sì ṣàlàyé fún ìyá náà ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Lùbàbà dúró gbọnrangandan. Àwọn ìyá mìíràn ti ń dé, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wo ìtọ̀ tó gbẹ lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó bi Fadila bóyá òun ló jí i. Ọmọ náà wo Ganiatou lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo ilẹ̀. Lùbàbà gbá a létí, ọmọ náà ṣubú lu ilẹ̀kùn. Ó fà á dìde, ó sì ń lù ú lọ lójú ọ̀nà ẹ̀bá ọ̀sà, páálí náà ń fì síwá sẹ́yìn lọ́rùn ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó rántí bọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn aláàánú dé. Wọ́n ka ìwé, ogójì ló pé. Wọ́n yin Màdáàmù pé ìwé náà mọ́, bí ẹni pé ọwọ́ ò kàn án rí. Wọ́n ya fọ́tò. Àwọn ọmọ kọrin. Fadila ò wá.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màdáàmù fa ìwé ẹ̀rí yọ lábẹ́ fóònù, ó fọwọ́ sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

"Màdáàmù," ni Ganiatou wí, "ọ̀rọ̀ kan wà. Ìwé àná yẹn..."

"Ìwọ lo fún un."

Ganiatou fi ọwọ́ di etí tábìlì mú.

"O rò pé mi ò mọ̀? Èmi àti ìwọ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yẹn máa ń dé ọwọ́ wa. Ṣé ọmọ ọdún márùn-ún ló máa ṣí àgádágodo?" Ohùn rẹ̀ ò ga, ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ohùn ìyá. "Mo fún ẹ láyè. Mo ní kó o mú páálí wá, mo wojú ẹ. Mo ní kó o kọ ọ́, mo wojú ẹ. Mo ní kó o so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Ká ní o sọ̀rọ̀ níbì kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò bá ti bọ́ ọ lọ́rùn ọmọ náà, mi ò bá sì ti lé ìwọ jáde."

"Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ fi ọmọ náà ṣe é?"

"Èmi kọ́. Ìwọ lo fi í ṣe é." Ó na ìwé ẹ̀rí náà sí i. "Gbà. Wọ́n á fẹ́ràn ẹ ní Bingerville."

Ganiatou gbà á. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń dá ọjọ́ tó máa lọ bá ìyá Fadila, tó sì ń yẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé, ó lọ sí Roxy, kì í ṣe láti ṣa páálí. Ó bá Lùbàbà nídìí àtẹ rẹ̀. Fadila wà lábẹ́ tábìlì, ó ń so rọ́bà ìdirun ní méjìlá méjìlá. Ojú rẹ̀ kan ṣì ní àpá tó ń di àwọ̀ ewé.

Ganiatou kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ọjà. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìwé, àṣírí, páálí, ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó pàtẹ sítòsí fi ọjà wọn sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́.

"Mo lù ú lọ́jọ́ yẹn títí ọwọ́ fi ń ro mí," ni Lùbàbà wí nígbẹ̀yìn. Kò fi ẹ̀yin kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. "Mo ní kó sọ ẹni tó rán an. Mo lọ ata, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo ní màá fi sí i lójú. Kò sọ. Mo ní inú ọmọ mi ti le, ó ti di ọ̀daràn. Ìwọ wà nílé ẹ, ò ń jẹun."

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá Fadila."

"Èmi kọ́ ni kó o bẹ̀. Òun nìyẹn."

Ganiatou rá dé ẹnu tábìlì. "Fadila. Fadila mi. Àṣírí yẹn ti tán. O ti lè sọ ọ́. Sọ fún màmá pé èmi ni mo fún ẹ níwèé."

Ọmọ náà ò gbójú sókè. Ó ka rọ́bà mẹ́ta sí i kó tó dáhùn.

"Èmi ni mo jí i."

"Rárá, Fadila, ìwọ kọ́..."

"Èmi ni mo jí i, màmá," ni Fadila wí fún ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń yára. "Táńtì ò fún mi ní nǹkan kan. Èmi ni. Wọ́n kọ ọ́, èmi ni mo kà á. Tèmi ni."

Lùbàbà bo ojú. Èjìká rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sunkún síta. Nígbà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wo Ganiatou bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó kú sẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde. O ń dí ọ̀nà mọ́ oníbàárà."

Ganiatou ní òun á san án padà, òun á mú ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé Bingerville, òun á máa kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lùbàbà yíjú sí àtẹ rẹ̀. Oníbàárà kan ti dúró, obìnrin tó pọn ọmọ. Ó fẹ́ ìyarun rírọ̀.

"Èyí tí wọ́n kọ *bébé* sí lára," ni obìnrin náà wí.

"Fadila, mú un wá," ni Lùbàbà wí.

Ọmọ náà na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Páálí ìyarun méjì ló wà níbẹ̀, àwọ̀ kan náà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ara wọn nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn dojú kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ọwọ́ rẹ̀. Ganiatou rí i bó ṣe gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kíá, bí ẹni tí iná jó. Ó kó méjèèjì jáde, ó gbé wọn lé ìyá rẹ̀ lórí itan.

"Mi ò mọ èyí tó jẹ́, màmá. Ẹ bi oníbàárà léèrè."